Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Nídìí Anpilifáyà Bàbá Mi

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílé ìwé girama kan níbí ní Ìwó, mo sì ti gbà tẹ́lẹ̀ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ iná tí mi ò mọ ilé bàbá rẹ̀. Mo lè ya bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà sójú pátákó láì wo ìwé. Mo lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ tó ń sùn, kí n sì fi ohùn tí kì í ṣe pẹ̀lẹ́ jí i. Ohun tí mi ò tíì ṣe rí láyé mi ni kí n tú ohun tó bàjẹ́, kí n dì í padà, kó sì ṣiṣẹ́. Ìyẹn ò ní kí n panu mọ́ lọ́jọ́ tí anpilifáyà bàbá mi yadi.

Ilé kan náà ni a jọ ń gbé: bàbá àti ìyá mi nísàlẹ̀, èmi àti ìyàwó mi lókè. Bàbá mi ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni wọ́n ti máa ń jókòó sí pálọ̀ láàárín ìrun Ásárì àti Mọ̀gàríbì, wọ́n á gbé gìtá lé itan, wọ́n á ki wáyà rẹ̀ bọ inú anpilifáyà, wọ́n á máa ta á. Ọwọ́ ẹgbẹ́ olórin kan tó túká ní Ìbàdàn ni wọ́n ti rà á kí wọ́n tó bí mi. Kì í ṣe èyí tó ń lo gílóòbù bíi tayé ọjọ́un. Àwọn tiransísítọ̀ kéékèèké ló wà nínú rẹ̀. Àpótí dúdú ńlá ni, aṣọ iwájú rẹ̀ ti ya, ẹsẹ̀ kan ti kúrò lábẹ́ rẹ̀, ègé bíríkì ló sì ń bá a dúró síbẹ̀. Ìyá mi ò pè é ní anpilifáyà rí. "Orogún mi" ni wọ́n ń pè é.

Tí gìtá bá ti ń dí ìyá mi lọ́wọ́ wáàsí tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò, wọ́n á pariwo láti yàrá: "Ẹ sọ fún orogún mi kó dákẹ́!" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ki íàpíìsì bọ ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Bí íàpíìsì bá ti wọ ihò yẹn, sípíkà á dákẹ́ rọ́rọ́, bàbá mi nìkan ló kù tí yóò máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń ta. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń gbé pọ̀ láìjà láti ọdún tó ju ogójì lọ nìyẹn.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àwọn ẹlẹgbẹ́ bàbá mi nílé ìwé, àwọn márùn-ún tó kù láyé, ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wá kí wọn ní Sátidé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà náà. Ọ̀kan ń bọ̀ láti Kuta, ọ̀kan láti Olúpọ̀nnà, àwọn yòókù wà láàárín ìlú. Wọ́n ní kí bàbá mi múra gìtá sílẹ̀, pé orin ilé ìwé àwọn ni kí wọ́n fi pàdé àwọn. Lọ́jọ́ kejì tí iṣẹ́ náà dé, bàbá mi jókòó lẹ́yìn Ásárì bí ìṣe wọn. Wọ́n tan àpótí, iná pupa kékeré iwájú rẹ̀ tàn, ohùn ò jáde. Wọ́n gbé gìtá sílẹ̀.

"Ó ti parí," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ orí ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Àánú ṣe mí. Mo wo ojú wọn, mo rí i pé ó ti rẹ̀wẹ̀sì, mo sì gbà pé tìtorí àpótí ni. Ni mo bá dìde láàárín pálọ̀, mo lu àyà. "Bàbá, kí Sátidé yẹn tó pé, ẹ máa ta gìtá yín fún wọn. Bí mi ò bá tún un ṣe, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní tíṣà físíìsì mọ́."

"Má da ara rẹ láàmú," ni bàbá mi wí.

"Kì í ṣe ìdààmú, Bàbá. Iṣẹ́ mi ni."

Ẹnu ni àparò fi ń pe ọ̀rá. Ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mò ń fọ́nnu yìí. Òun ló mọ̀ pé fáànù tí mo tú ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa lókè. Ó kàn mirí ni.

Mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ọjà lọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un o. Irin tí wọ́n fi ń jó òjé ni mo fẹ́ yá. Ó yá mi ní irin náà tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó wá fi ìmọ̀ràn lé e. "Tíṣà, kí ẹ tó tú nǹkan kan, ojú ihò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Gbogbo ihò tí ọwọ́ èèyàn máa ń dé. Ibẹ̀ ni àìsàn ti ń wọlé." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ hàn án. Ẹni tí kò lè ka òfin iná kan ṣoṣo jáde lórí ló ń sọ̀rọ̀ ihò fún èmi.

Mo tẹ́ ẹní sí àárín pálọ̀, mo tú ẹ̀yìn àpótí. Eruku inú rẹ̀ tó láti fi kọ́lé. Mo bá ẹyin ọmọńlé méjì àti òkú aáyán tí mi ò lè kà. Mo tún bá yẹtí wúrà kan lábẹ́ sípíkà. Mo gbé e sókè. Ìyá mi pariwo tó jẹ́ pé ìyàwó mi sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i! Mo ti sọ ọ́! Orogún mi ló jí i!"

Irọ́ gbáà ni. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni ìyá mi ti ń fura sí nítorí yẹtí yìí láti nǹkan bí ọdún méje, débi pé wọn kì í jẹun nílé rẹ̀. Lójú wa báyìí ni wọ́n gbé fóònù, tí wọ́n pè é, tí wọ́n kí i títí, tí wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan àti ti ewúrẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Wọn ò sọ ìdí tí wọ́n fi pè. Bàbá mi fi ife tíì bojú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo yẹ fíùsì wò, kò jóná. Mo pààrọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, nítorí ó yẹ kí èèyàn pààrọ̀ nǹkan kan. Mo fi mítà wọn ibi gbogbo, mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Kò sí ohun tó ṣe ibì kankan, àfi pé àpótí ò fọhùn. Ọjọ́ kẹrin ni inú bí mi tí mo fi gbá a lẹ́sẹ̀ lójijì. Ó ké "gààà!" bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó sì dákẹ́. Ife tíì tí bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé dà sí wọn lára.

"Ó fọhùn!" ni mo kígbe.

"Mo gbọ́," ni bàbá mi wí. Inú wọn ò dùn tó bí mo ṣe lérò. Mo ní ó lè jẹ́ pé tíì náà gbóná.

Mo wá mọ àìsàn rẹ̀, lọ́kàn ara mi. Ohun tó ń fọhùn nígbà tí a bá gbá a, òjé kan ló ti là nínú rẹ̀. Nígbà tí mi ò mọ èyí tó là, mo pinnu láti jó gbogbo rẹ̀ lọ́tun. Àwọn tó ń kọjá lójú fèrèsé ò sì jẹ́ kí n rójú ṣe é. Ẹni kan á yọjú: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà." A kì í kí èèyàn kó má dáhùn. Mo ní láti gbójú sókè, kí n ní "Ẹ ṣeun o," kí n béèrè ara ilé. Kí n tó padà wo ìsàlẹ̀, mo ti gbàgbé èyí tí mo jó àti èyí tí ó kù. Òjé kan wà nínú àpótí yẹn tí mo jó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà.

Ẹnu rẹ̀ ni mo wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mọ́gàjí agbo ilé wa, wọlé. Irin gbígbóná ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò rí ọmọ agbo ilé wa kan tó ń rí mọ́gàjí tó ń dúró ṣánṣán. Kí n tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì mo ti wà nílẹ̀ gbalaja, irin náà sì wà láàárín èmi àti ẹní. Mọ́gàjí wa kì í ní kí èèyàn dìde kí wọ́n tó ṣàdúrà fún un. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́hun á gbé ọ ga. "Àmín," ni mo wí. O ò ní rí ìjà iná. "Àmín o!" Síńgílẹ́ẹ̀tì mi ti jó, ó ti kan awọ. Ohun tí o bá dáwọ́ lé á yọrí sí rere. "Àmín, yà Aláà!" Mo ké e débi pé omi dà lójú mi. Mọ́gàjí dánu dúró, wọ́n yíjú sí bàbá mi.

"Ọmọ yìí ti wá mú ẹ̀sìn ní dandan báyìí?"

Inú wọn dùn, ni wọ́n bá tún fi àdúrà mìíràn kún un. Àpá irin náà ṣì wà níkùn mi títí dòní, ó tó ìka méjì ní gígùn. Nígbà tí ìyàwó mi ń fi òróró pa á lálẹ́ yẹn, ó béèrè bóyá bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣeré. Tí ọyẹ́ bá mú dáadáa, á máa fọhùn fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án, ohùn kedere, tí mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Tó bá di ọjọ́ kejì á tún yadi. Mo mú ìwé gíráàfù jáde, mo ya wákàtí tó ń fọhùn síbẹ̀, mo ya ìgbóná ojú ọjọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà náà lọ sókè dáradára. Mo fi han ìyàwó mi: ooru ló ń wò ó sàn. Ni mo bá gbé ìkòkò èédú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wá wo ọmọ tó ń fi iná yá orogún mi bí abiyamọ!" ni ìyá mi ń pariwo fún àwọn ará àdúgbò.

Àmọ́ ó ṣiṣẹ́. Láàárín wákàtí kan ó ti ń hùn. Mo gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó gba bọ́ọ̀lù wọlé. Bàbá mi dìde kíá. "Ẹ gbé èédú yẹn kúrò, ilé á jó." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá bàbá mi tí wọ́n tẹríba sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀, wọ́n ń nu ún. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo ń wò wọ́n. Mo ní ẹ wo bí àgbàlagbà ṣe ń tọ́jú ohun tó fẹ́ràn. Mo búra ní tuntun pé màá tún un ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó yadi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Báyìí ni Sátidé ṣe bá mi. Bàbá mi ti wọ agbádá funfun, wọ́n ti jókòó sí pálọ̀, gìtá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo gbé àpótí lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn kí ojú má baà tì mí níwájú èèyàn. Mo tún gbogbo ohun tí mo ti ṣe ṣe. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Nígbà tí gbogbo òfin iná tí mo mọ̀ tán pátápátá, ni mo rántí ọ̀gá tó wà nítòsí ọjà: ojú ihò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi. Ihò tí wáyà gìtá ń wọ̀ mọ́ tónítóní. Nínú ihò íàpíìsì, mo rí nǹkan kan tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí erùpẹ̀. Mo fi píìnì irun ìyàwó mi fà á jáde. Pákò ni. Ègé pákò tí kò gùn ju oríkèé ìka lọ, tí ẹnì kan gbẹ́ roboto kó lè bá ihò mu.

Mo ki wáyà gìtá bọ ihò tirẹ̀, mo fi ìka kan ẹnu wáyà náà. Sípíkà dá mi lóhùn: "hùnnn." Àpótí yìí ò ṣàìsàn rí. Bí íàpíìsì ṣe ń pa sípíkà lẹ́nu mọ́ ni pákò náà ń ṣe. Tí ooru tàbí ọyẹ́ bá mú un gbẹ, á sún kì, àpótí á fọhùn, títí ẹnì kan á fi tún un tì wọlé.

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ta ló tún ní orogún nínú ilé? Àmọ́ ìyá mi kì í fi pákò fọ ẹnu; búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, torí eyín tó kù lẹ́nu wọn ò gba líle. Mo yí pákò náà lọ́wọ́. Mo rí ìlà kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà yí i ká. Gbogbo ilé ló mọ ìlà yẹn. Bàbá mi ló máa ń fà á sórí pákò wọn kó tó wọ inú ife lójú fèrèsé, kí ẹlòmíràn má baà mú tiwọn.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ikùn mi tó jóná! Gíráàfù mi! Mo di pákò náà mú sínú ìkúùkù, mo gba ọ̀nà pálọ̀ lọ, pé níwájú gbogbo ayé ni wọn yóò ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Àwọn àlejò ti dé, kẹ̀kẹ́ méjì ló gbé wọn wá. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá tó wá láti Kuta, ti gbé gìtá lé bàbá mi lẹ́sẹ̀. "Ta díẹ̀ fún wa ná, kí ẹ̀rọ tó dé." Bàbá mi na ọwọ́ òsì sí ọrùn gìtá. Àwọn ìka náà ò ká. Wọ́n wà gbọọrọ lórí okùn, wọ́n ń gbọ̀n. Ọ̀kan ṣoṣo gbìyànjú àtitẹ̀ ẹ́, ó yọ̀. Bàbá mi yára fa apá agbádá bo ọwọ́ náà.

"Kò ní dùn láìsí ẹ̀rọ," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi ń tún un ṣe lọ́wọ́."

Bàbá mi gbójú sókè, wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rí ìkúùkù mi.

Mo mọ ojú tí wọ́n fi wò mí. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí i ní kíláàsì: ojú ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé, tó ń bẹ tíṣà kó má pe òun. Mi ò rí i lójú bàbá mi rí. Ìgbà yẹn ni mo rántí ife tíì tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé, bọ́tìnnì bùbá tí ìyá mi ń bá wọn dè, íàpíìsì tí wọn kì í yọ mọ́ bí wáàsí ò tiẹ̀ sí lórí rédíò, tẹ̀súbà tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tì lọ dípò ìka. Mo ti ń rí gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi tí mo ya gíráàfù àpótí, mi ò wo ọwọ́ bàbá mi lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn mí gan-an. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí ẹ̀rọ ṣàìsàn ju kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mọ̀ pé ìka wọn ò gbọ́ràn mọ́.

"Ó yá, Ẹnjiníà!" ni bàbá tó ti Olúpọ̀nnà wá ké sí mi. "Ẹ̀rọ dà?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Kò sí irin lábẹ́ mi lọ́tẹ̀ yìí, pákò ló wà lọ́wọ́ mi. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi. Mi ò rí i ṣe. Ó ju agbára mi lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ń wúkọ́. Bàbá Kuta ní kí n kó gbogbo ìwé físíìsì tí mo kà padà fún ẹni tó kọ́ mi. Bàbá Olúpọ̀nnà ní àgbò tí òun so mọ́lẹ̀ nílé ì bá ti tún un ṣe kó tó jẹun tán. Ìyá mi kàn ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n sì rọra mirí.

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀," ni bàbá mi wí. "Ẹ̀rọ náà ló dàgbà."

Mo padà sí ẹ̀yìn, mo ki pákò bọ ihò rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tì í wọlé dáadáa. Àwọn àlejò ní kí n gbé òkú àpótí náà wá kí àwọn rí i. Mo gbé e dé iwájú bàbá mi. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, wọ́n fi lù ú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ tí kò lè ta okùn mọ́ lè gbá pákó. Bàbá Kuta gbé orin ilé ìwé náà. Ohùn wọn ò bára mu, kò sí ẹni tó rántí ẹsẹ kejì, wọ́n kọ ẹsẹ àkọ́kọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ìyá mi jó jáde sí àárín pálọ̀ pẹ̀lú yẹtí wúrà wọn létí méjèèjì, wọ́n ń pariwo: "Ẹ na orogún mi! Ẹ nà án dáadáa!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi jókòó sí ìta lẹ́yìn Àsùbáà, wọ́n ń fi ọ̀bẹ kékeré wọn gbẹ́ pákò. Ó pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀bẹ bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣe bí ẹni pé mò ń wo ojú ọ̀run. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n gé ègé kékeré kan lórí rẹ̀, wọ́n nà án sí mi láì wo ojú mi.

"Tàná á ti gbẹ," ni wọ́n wí. "Ọyẹ́ ò tíì lọ."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ìlà tí wọ́n fà yí i ká ti wọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti òpin rẹ̀ ò pàdé. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Mo wọlé, mo yọ ti àtijọ́ sínú àpò mi, mo sì ki tuntun bọ ihò náà. Ó wọlé rẹ́gí.